Ṣọ́ọ̀bù Mẹ́dàlì Ogun Àtijọ́ Lẹ́yìn Ọjà Jankara: Ohun tí ó Yẹ ní Rírà, àti Ohun tí ó Yẹ ní Fífi Sílẹ̀

Nínú gbogbo ibi tí a ti lè ra mẹ́dàlì ogun àtijọ́ ní Èkó, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí ó wà lẹ́yìn ọjà Jankara ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún jù lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀sùn tí mo ní sí i kò kéré. Kò sí pátákó kankan lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tí ó bá béèrè Alhaji onídẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ń ta ìlẹ̀kẹ̀, wọn yóò nawọ́ sí ọ̀nà tóóró kan tí ọkọ̀ kò lè gbà, ibẹ̀ náà ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ Alhaji sílẹ̀ nínú ohun tí mo ń kọ yìí, nítorí àwọn fúnra wọn kò fẹ́ kí a máa polówó ibi tí fàdákà wà fún ẹni tí kò ní í lọ́kàn láti rà á.

Inú ṣọ́ọ̀bù náà kún fún oríṣiríṣi ẹrù àlòkù: aago ògiri, fìtílà ọkọ̀ ojú omi, ẹ̀rọ ìránṣọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, àwo tánganran. N kò ní í sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyí. Ohun tí ó ń gbé àwa tí a ń kó mẹ́dàlì jọ dé ibẹ̀ wà nínú àwọn dúrọ́ọ̀ tí ó wà lábẹ́ tábìlì Alhaji, tí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ inú wọn, tí kọ́kọ́rọ́ wọn kì í sì í kúrò lọ́rùn Alhaji.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fi gba ti ṣọ́ọ̀bù yìí ni pé wọ́n ń jẹ́ kí oníbàárà yẹ ọjà wò. Bí ènìyàn bá ti jókòó, ọmọṣẹ́ Alhaji yóò gbé awò tí ń sọ nǹkan di ńlá ka iwájú rẹ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n kékeré irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò, yóò sì tan tọ́ọ̀ṣì sí i bí iná bá ti lọ. Mo ti bá àwọn olùtajà pàdé nínú ìlú yìí kan náà tí wọn kò ní í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ kan mẹ́dàlì kí owó tó kúrò lápò rẹ. Ti Alhaji kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ inú iṣẹ́ náà ni pé, "Dì í létí mú, ọmọ mi, má fọwọ́ pa ojú rẹ̀," nítorí òógùn ọwọ́ a máa fi àmì ìka sílẹ̀ lára fàdákà àti idẹ, àmì náà kì í sì í fẹ́ kúrò mọ́.

Etí tí wọ́n ní kí a dì mú náà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń wá sí ibẹ̀ ni orí ọba tí ó wà lójú mẹ́dàlì máa ń gbà lọ́kàn, wọn kò sì ní í yí i padà wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ rárá. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́ ni mẹ́dàlì fàdákà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí ó ṣiṣẹ́ nínú ogun 1914 sí 1918, èyí tí à ń pè ní British War Medal. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36. Orí Ọba George Karùn-ún wà lójú kan. Lójú kejì, ọkùnrin kan tí ó wà ní ìhòòhò lórí ẹṣin ń tẹ asà tí a ya idì sí mọ́lẹ̀, agbárí òkú sì wà nílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹṣin náà. William McMillan ni ó ṣe iṣẹ́ ọnà ojú kejì yìí. Ọ̀kan tí mo gbé dání níbẹ̀ ti dúdú yípo, àyàfi àárín ojú rẹ̀ tí aṣọ ti ń ha fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí mo yí etí rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀, mo rí lẹ́tà ńlá tí wọ́n tẹ̀ wọnú fàdákà náà: nọ́ńbà, ipò, orúkọ ènìyàn kan, orúkọ ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá, lẹ́yìn náà NIGERIA R, ìkékúrú Nigeria Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà. Mo gbé kálípà lé e, mílímítà 36 rẹ̀ pé. Ìdí tí mo fi wọ̀n ọ́n ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti fi fáìlì ha orúkọ àkọ́kọ́ kúrò kí ó lè tẹ òmíràn sí i, etí náà yóò tín-ín-rín, fífẹ̀ rẹ̀ yóò sì dín.

Ìlú tí wọ́n kọ tẹ̀lé orúkọ yẹn ṣe pàtàkì fún wa ju bí ó ti ṣe pàtàkì fún ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń kó irú mẹ́dàlì yìí jọ. Bí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun West African Frontier Force bá ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ní ayé ìgbà náà, wọ́n sábà máa ń so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ìlú tí ó ti wá. Belo Akure, ọ̀kan nínú àwọn sójà ilẹ̀ wa tí òkìkí wọn kàn jù nínú ogun náà, tí ó sì gba mẹ́dàlì ìgboyà tí à ń pè ní Distinguished Conduct Medal, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, etí mẹ́dàlì kan lè tó láti mú ènìyàn dé agbo ilé kan, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ibẹ̀ bóyá wọ́n gbọ́ nípa baba kan tí ó bá òyìnbó lọ sí Kamẹrúùnù láàrin 1914 sí 1916, tàbí tí ó la ogun Mahiwa já ní ìlà-oòrùn Áfíríkà ní oṣù kẹwàá ọdún 1917, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Nàìjíríà ti jìyà púpọ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni mo kà sí adùn iṣẹ́ yìí.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé mẹ́dàlì tí ó ní orúkọ yìí ni owó rẹ̀ mọ níwọ̀n jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Alhaji ń ta fàdákà gẹ́gẹ́ bí fàdákà: wọn yóò gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọn yóò béèrè iye tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń rà á lọ́jọ́ náà, wọn yóò sì lé èrè díẹ̀ lé e. Bí olùkójọ bá gbọ́n, kò ní í bá wọn jiyàn. Irú ìṣirò yìí ni ó sọ ọ̀pọ̀ mẹ́dàlì fàdákà bẹ́ẹ̀ di yíyọ́ nígbà tí owó fàdákà lọ sókè lágbàáyé ní 1980, tí àwọn ènìyàn ń kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin láìka orúkọ tí ó wà létí wọn sí. Gbogbo èyí tí ó bá ṣẹ́kù nínú dúrọ́ọ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ó ti bọ́ lọ́wọ́ iná nìyẹn.

Ìràwọ̀ Burma, mẹ́dàlì tí wọ́n fún àwọn tí ó bá Jàpáànù jà ní Burma nígbà ogun Hitler, ni wọ́n ń pe owó lé lórí. Ìtàn ni wọ́n ń tà mọ́ ọn: pé baba kan báyìí ni ó ni ín, pé ó bá Jàpáànù jà pẹ̀lú ìbọn tí ọta ti tán nínú rẹ̀, pé gómìnà fúnra rẹ̀ ni ó so ó mọ́ ọn láyà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín lẹ́yìn ogun Hitler kò ní orúkọ kankan lára fún àwọn ọmọ-ogun tiwọn àti ti ilẹ̀ wa. Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tí ó kọ orúkọ sí ti àwọn ènìyàn wọn. Bí a bá mú ìràwọ̀ kan láti Jankara àti òmíràn láti Lọ́ńdọ́nù, tí a pò wọ́n pọ̀ sínú fìlà, kò sí ẹni tí yóò lè sọ èyí tí ó gorí òkè Arakan pẹ̀lú ẹgbẹ́ ogun kọkànlélọ́gọ́rin tàbí ìkejìlélọ́gọ́rin ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ìtàn Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, dá wa lójú: ó fara gbọgbẹ́ ní àfonífojì Kaladan ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará abúlé sì fi í pamọ́ fún oṣù púpọ̀ títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Ohun tí ó mú un dá wa lójú ni pé òun fúnra rẹ̀ wà láàyè láti sọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìràwọ̀ tí kò bá ìwé ìdásílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun wá, tí kò bá fọ́tò wá, tí kò sì bá lẹ́tà wá, iye ìràwọ̀ lásán ni kí a san lé e.

Ayédèrú náà wà níbẹ̀, n kò ní í fi pamọ́. Ìràwọ̀ Burma gidi ní ṣóńṣó mẹ́fà, adé àti àmì orúkọ Ọba George Kẹfà wà láàrin rẹ̀, a sì kọ THE BURMA STAR yí àárín náà ká. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nítorí náà igun lẹ́tà rẹ̀ máa ń mú, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń dán. Èyí tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ lára, pàápàá láàrin àwọn lẹ́tà, a sì máa ń rí ìlà ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo fi awò han Alhaji ní irú ihò bẹ́ẹ̀ lára ọ̀kan tí wọ́n gbé síta, wọ́n wò ó lọ wò ó bọ̀, wọ́n sì jù ú sínú agolo kan tí ó wà nísàlẹ̀ tábìlì láìsọ nǹkan kan. N kò mọ ẹlòmíràn nínú òwò yìí tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ lójú oníbàárà.

Nínú dúrọ́ọ̀ kejì ni mo ti rí èyí tí ó mú mi jókòó pẹ́ jù. Mẹ́dàlì fàdákà ni, orí Ọbabìnrin Victoria tí ó fi aṣọ bo orí wà lójú rẹ̀, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń bá àwọn aláwọ̀ dúdú jà nínú igbó sì wà lẹ́yìn. Wọ́n fi ọ̀pá fàdákà pẹlẹbẹ kan dè é lórí, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ sára ọ̀pá náà ni 1892. Alhaji pè é ní mẹ́dàlì ogun Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi owó ogun Ìjẹ̀bú lé e. Òótọ́ ni pé ọ̀pá 1892 yìí ni wọ́n fún àwọn tí ó kógun ti Ìjẹ̀bú ní oṣù karùn-ún ọdún náà, ogun tí wọ́n jà ní Ìmàgbọn, tí ó ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde sílẹ̀ fún ìjọba Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan náà ni wọ́n fún àwọn tí ó lọ jagun ní Tambi àti ní Toniataba, ní ìhà Sàró àti Gáḿbíà, ní ọdún yẹn kan náà. Ojú mẹ́dàlì kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa. Etí rẹ̀ ni yóò sọ ọ́: bí ó bá jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Èkó tàbí ti Gold Coast ni ó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ Alhaji lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ gan-an, bí ó bá jẹ́ ti West India Regiment, ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì láti erékùṣù Karibíánì, kò sí ẹni tí ó lè búra àfi kí ó ti wo ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí ó gba mẹ́dàlì náà, èyí tí wọ́n kó pamọ́ sí Kew ní Lọ́ńdọ́nù. Etí èyí tí mo rí yìí ti parẹ́ nítorí pólíìṣì. Mo gbé e padà sórí aṣọ funfun.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọmọ Yorùbá ń fi mẹ́dàlì tí wọ́n fún àwọn tí ó kógun ti Yorùbá ṣe. Mo ti gbọ́ ìbéèrè náà nílé ara mi. Ìdáhùn mi ni pé wọ́n pín irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ogun Benin ti 1897, wọ́n pín in fún ogun Arọ́ ní 1901 sí 1902, wọ́n sì pín in fún ti Kánò àti Sókótó ní 1903, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó so wọ́n mọ́ àyà sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Ẹ̀rí ni. Bí a kò bá rà á, ará òkèèrè ni yóò rà á, yóò sì kọ ìtàn rẹ̀ bí ó bá ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ pólíìṣì yẹn ni ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́. Ọmọṣẹ́ Alhaji jẹ́ ọmọ tí ó mọ̀wà hù, ṣùgbọ́n ó gbà pé ohun tí kò bá dán kò lè tà. Irú pólíìṣì tí wọ́n fi ń dán ọwọ́ ilẹ̀kùn ni ó ń lò. Bí ẹ bá gbé awò sí ẹsẹ̀ àwọn lẹ́tà, ẹ óò rí eérú funfun rẹ̀ tí ó gbẹ síbẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi nu ún ni díẹ̀ nínú orúkọ náà ń bá aṣọ lọ. Àwọ̀ dúdú tí ọdún bá mú wá sára fàdákà kì í ṣe ìdọ̀tí, àwa tí a ń rà á sì máa ń san owó lé e nítorí pé ó fi hàn pé kò sí ẹni tí ó tíì ha á. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa fi èyí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sílẹ̀ bí ó ṣe wà fún àwa oníbàárà kan. Wọ́n gbà, wọ́n sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀sùn kejì wúwo jù ú lọ. Mo rí mẹ́dàlì fàdákà kan nínú dúrọ́ọ̀ àkọ́kọ́, mo sì rí mẹ́dàlì idẹ kan, irú èyí tí à ń pè ní Victory Medal ti ogun 1914 sí 1918, tí obìnrin oníyẹ̀ẹ́ wà lójú rẹ̀, nínú dúrọ́ọ̀ mìíràn. Nọ́ńbà kan náà ni ó wà létí àwọn méjèèjì, orúkọ kan náà, ìlú kan náà. Ara ẹnìkan ni wọ́n jọ gbé, inú àpótí kan ni wọ́n jọ ti wá, wọ́n sì ti yà wọ́n ní ẹ̀yà méjì fún títà. Nígbà tí mo béèrè, Alhaji ní, "Ẹni tó ń wá fàdákà kì í fẹ́ idẹ, ọmọ mi." Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn kan náà ló ni wọ́n." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n ra méjèèjì nígbà náà, mo sì rà wọ́n. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó gbé wọn wá sí, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá fọ́tò tàbí ìwé kan bá wọn wà. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò náni ní nǹkan kan lọ́jọ́ tí olùtà bá wà níwájú ẹni. Bí ó bá ti lọ tán, kò sí owó tí ó lè rà á padà.

Nítorí èyí náà ni mo ṣe ń ṣọ́ra fún ìtàn wọn. Iron Cross kan, mẹ́dàlì ìgboyà ti ilẹ̀ Jámánì, wà níbẹ̀ tí wọ́n ní ti sójà ọmọ Nàìjíríà ni. Kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀: Chari Maigumeri gba Iron Cross lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní Kamẹrúùnù kí ó tó di ọmọ-ogun Nigeria Regiment, ó sì tún gba Military Medal lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú ogun Hitler. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀, èyí tí ó wà lọ́wọ́ Alhaji kò sì ní orúkọ, kò ní ìwé, kò ní ẹni tí ó lè jẹ́rìí sí i.

Ní ti àwo ìrántí, ọ̀kan péré ni mo bá níbẹ̀, ó sì dára. Àwo idẹ róbótó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ránṣẹ́ sí ìdílé àwọn tí ó kú nínú ogun 1914 sí 1918 ni, fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 120, Edward Carter Preston ni ó ya á. Britannia, obìnrin tí wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dúró pẹ̀lú adé ewé lọ́wọ́, kìnnìún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ yí ká ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ẹni náà kú fún òmìnira àti ọlá. Orúkọ ẹni tí ó kú yọ sókè nínú àpótí tóóró kan, kò sí ipò ológun níwájú rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ kí ọ̀gá àti ọmọ-ogun lásán dọ́gba nínú ikú. Orúkọ òyìnbó ni ó wà lórí ti Alhaji. Ẹ wo lẹ́yìn rẹ̀: WA tí wọ́n so pọ̀ nínú òbìrìkìtì ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Woolwich ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ wo ECR P tí ó wà lókè ẹsẹ̀ iwájú kìnnìún, orúkọ oníṣẹ́ ọnà náà ni ní ìkékúrú. Ibẹ̀ ni ayédèrú ti sábà máa ń dàrú. Owó tí wọ́n pè é kò burú.

Mẹ́dàlì ti Nàìjíríà fúnra rẹ̀ kò pọ̀ níbẹ̀: èyí tí wọ́n ṣe fún òmìnira 1960 àti èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún àwọn tí ó lọ sí Kóńgò láàrin 1960 sí 1964. Ẹni tí ó bá ń wá irú ìwọ̀nyí, ọ̀dọ̀ ìdílé àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni kí ó lọ.

Ríbọ́ọ̀nù tuntun tí ọmọṣẹ́ náà ń bá ènìyàn rán mọ́ mẹ́dàlì mọ́ tónítóní, ó sì mọ bí àwọ̀ òṣùmàrè ti Victory Medal ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Kí ẹ gba ríbọ́ọ̀nù àtijọ́ yín padà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó dà á nù.

Alhaji máa ń kọ rìsíìtì bí a bá béèrè, kí a sì béèrè kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí ó wà létí mẹ́dàlì sínú rẹ̀. Wọ́n ń gba tíránsífà. Wọn kì í gba ọjà padà bí a bá ti kọjá òpin ọ̀nà tóóró yẹn, nítorí náà kí a yẹ̀ ẹ́ wò tán lórí ìjókòó. Ẹni tí ó bá ní i lọ́kàn láti gbé ohunkóhun tí ó jẹ́ àtijọ́ kọjá ẹnu ibodè, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó wà ní Oníkan. Ọjọ́ Jímọ̀, kí a ti parí ohun tí a bá fẹ́ rà kí ó tó di ọ̀sán, nítorí wọ́n a ti ilẹ̀kùn lọ kírun, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń padà wá ṣí i.